Ọkọ̀ Tó Mọ Ọjọ́ Tí À Ń Lọ sí Ifẹ̀

Bí ọkọ̀ bá kú pátápátá, ó yé èèyàn. A ó tì í kúrò lójú títì, a ó pe mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí tó ń kú tó ń jí ni mi ò rí irú rẹ̀ rí, òun ló sì gba èyí tó pọ̀ nínú ọdún kan lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ náà ti sàn báyìí, èmi ni mi ò tíì sàn. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ ná bí ẹni tó fẹ́ wọ odò tútù.

Ìkirè là ń gbé, Àpòmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn rárá; ọ̀kadà ni mo fi ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí eegun ẹ̀yìn mi tó ní òun ò ṣe mọ́. Mo wá ra tòkunbọ̀ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Ọjọ́ tí mo gbé e délé, alùfáà ìjọ Áńgílíkà wa wá gbàdúrà sí i bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi òróró kan sítíárì àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màámi dúró tì wọ́n, àmín tiwọn ló sì ròkè jù lọ. Ta ni yóò ra ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa tí kò ní gbàdúrà sí i?

Kò pé oṣù mẹ́ta sígbà náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ sì ń fà lẹ́nu wọn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló kọ gbogbo ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ sójú pátákó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n a máa to ife mẹ́ta sójú fèrèsé, ìṣó kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan wà nínú omi, ọ̀kan wà nínú omi iyọ̀, kí a lè fojú ara wa rí èyí tí yóò kọ́kọ́ dípẹtà. Ọwọ́ tó ń to ife yẹn ló wá dùbúlẹ̀ lórí itan wọn bí ọwọ́ ẹlòmíì.

Ilé ìwòsàn kan ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń bá wọn na apá na ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní, "Mà, ẹsẹ̀ máa ń dúró deni díẹ̀. Ọwọ́ kì í dúró. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ yìí lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ mú. Bí ìka bá fi lè ká tán, bó ṣe máa wà nìyẹn." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni tiwa, aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí a bá pẹ́, ẹlòmíì ni wọ́n á mú, nítorí èrò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àbúrò mi wà ní Èkó àti lókè òkun, fóònù ni wọ́n fi ń tọ́jú Bàbá. Èmi ni mo ní ọkọ̀, èmi ni mo wà nítòsí, nítorí náà ọwọ́ Bàbá di ọ̀ràn mi. Ọ̀gá ilé ìwé gbà kí n máa wọlé lọ́sàn-án lọ́jọ́ méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èmi àti Màámi ti gbé Bàbá jókòó síwájú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ "tá", ó tán. Mo tún yí i: "tá." Iná inú ọkọ̀ rẹ̀ wálẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. A gbé Bàbá padà wọlé. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, mo ní kí n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò tilẹ̀ wúkọ́. Mo gbé e lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó gbà láti gbéra, ṣùgbọ́n a kò tíì kúrò ní Ìkirè tán tí rédíò fi dákẹ́, gbogbo ọwọ́ tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù wálẹ̀, ọkọ̀ rọra yí lọ sẹ́bàá ọ̀nà, ó kú síbẹ̀.

Ibi tó kú sí ni àwọn tó ń ta dòdò máa ń dúró sí. Wọ́n sáré bò wá pẹ̀lú àtẹ lórí: "Dòdò rè é, Mọ́mì! Ó dùn, ó ta!" Ìgbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe dòdò la dúró fún, wọ́n sọ àtẹ kalẹ̀, wọ́n tì wá. Ojú tì mí, mo ra dòdò. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọn kì í sáré mọ́. Bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ mi tó ń rọra bọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn sọ àtẹ kalẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, dòdò kò wọ́n nílé wa.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá rẹwáyà ní Àpòmù, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọkùnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún ni, mùsùlùmí tó jẹ́ pé bí àkókò ìrun bá ti tó, ibi tí wáyà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa fi í sí. Ó fi tẹ́sítà kan bátìrì, ó ní kí n tẹ iná, ó ní kí n pa á, ó dorí kodò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀. "Màdáàmù, ọkọ̀ yìí ò lárùn o."

"Ó ní in," ni mo wí.

Ó ní ó lè jẹ́ pé bátìrì ti gbó. A pààrọ̀ rẹ̀. Ó sàn di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó tú ọ̀tánétọ̀, ìyẹn èyí tó ń fún bátìrì lágbára bí ọkọ̀ bá ń lọ, ó tún un ṣe, ó dì í padà. Ó sàn di ọjọ́ Ẹtì. Kíkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì náà gba ìtọ́jú tirẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mo fi ìdùnnú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ìdùnnú tó lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó ń dá mi lágara jù ni pé bí mo bá ti gbé e dé iwájú rẹwáyà, ara ọkọ̀ á yá gágá, bí ọmọ tí ibà mú nílé, tó wá ń ṣeré kiri nígbà tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo wá ń jọ òpùrọ́. Rẹwáyà ní, "Màdáàmù, ẹ jẹ́ kó kú níwájú mi. Nǹkan tí mi ò bá rí, mi ò lè tún un ṣe." Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó gbé e lọ sí Gbọ̀ngán, ó gbé e dé Ararọ̀mí-Òwu. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, ọjọ́ Ẹtì kọjá, kò kú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo háyà ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún Bàbá: àkọ́kọ́ kò dé rárá, èkejì dé, ó ní òun fẹ́ kó èrò mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń wá èrò náà títí aago mẹ́jọ fi lù. Mo lọ gba ọkọ̀ mi padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e: "tá."

Mo wá ṣe ohun tí olùkọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mú rẹ́jísítà ògbólógbòó kan tí ilé ìwé ti lò tán, mo ń pe ọkọ̀ ní orúkọ láràárọ̀. Ọjọ́ tó bá wá, mo fa ìlà fún un. Ọjọ́ tó bá pa iṣẹ́ jẹ, mo fi òdo sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo jókòó sínú yàrá àwọn olùkọ́, mo ṣí i. Ọjọ́ Ajé, ìlà. Ọjọ́rú, ìlà. Ọjọ́bọ̀, ìlà. Gbogbo òdo tó wà níbẹ̀ pátá, àárọ̀ Ìṣẹ́gun àti àárọ̀ Ẹtì ni. Ọmọ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí, mi ò sì gba ọ̀rọ̀ àjẹ́ gbọ́ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n orí mi wú. Irin wo ló mọ ọjọ́?

Àṣìṣe mi ni pé mo fi rẹ́jísítà náà han Màámi. Ẹnu ò yà wọ́n. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ kò. "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹnì kan wà tí kò fẹ́ kí bàbá yín dìde. Ẹni náà ò sì jìnnà sílé. Ṣé o ò rí i pé nígbà tí ọkọ̀ wà ní Àpòmù, kò ṣe é?"

Bí èmi náà ti rò ó nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fojú burúkú wo obìnrin tó kọjú sí ilé wa, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó máa ń tètè jí lọ.

Àdúrà Màámi wá le sí i. Bí mo bá ń wẹ Bàbá lẹ́yìnkùlé ní ìdájí ọjọ́ ilé ìwòsàn, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn níwájú ilé, níbi tí ọkọ̀ wà, wọ́n ń bá ọ̀tá jà, mo sì ń gbọ́ ìró ike tó ń kan garawa. Mo rò pé ara ọkọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ bí wọ́n ti ń gbàdúrà. Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́kàn mi pé ẹnì kan bá mi ṣe nǹkan kan.

Ó rẹ̀ mí nígbà náà. Kì í ṣe oorun ló kù tí mi ò sùn. Ó rẹ̀ mí láti máa retí. Ká ní ó ń kú lójoojúmọ́ ni, ǹ bá ti tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ṣùgbọ́n ó máa ń jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pàápàá, bí Màámi bá jí pẹ́, a ó dé Ifẹ̀ láìsí wàhálà, màá sì rò pé ó ti tán. Ìrètí yẹn gan-an ló ń pa mí.

Bàbá ò ṣàròyé rí. Bí a bá ti múra fún wọn tán, àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, fìlà lórí, wọ́n á kọjú sí ọkọ̀ níta, wọ́n á máa dúró dè wá. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, èmi ni mo ń wọlé lọ sọ fún wọn. "Kò burú" ni wọ́n máa ń dáhùn. Ó dé ibi tí mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n bínú, kí n lè rí ẹni bá bínú.

Nígbà tí ìtọ́jú náà wọ oṣù karùn-ún, ọ̀dọ́bìnrin Ifẹ̀ mú ọwọ́ Bàbá, ó fẹ́ la ìka rẹ̀. Bàbá fi eyín di ètè. Ó rọra fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó wò mí. "Mà, ẹ ò wá déédéé." Mo fẹ́ sọ pé ọkọ̀ ni. Mo ti sọ ọ́ fún un lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti sú èmi fúnra mi láti gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣẹ̀ ẹ́.

Lójú ọ̀nà bí a ti ń padà bọ̀ ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn, ọgbọ́n tó yẹ kí n ti gbọ́n tipẹ́. Mo pe rẹwáyà. Mo ní kó má dúró dè mí ní Àpòmù mọ́. Kó wá bá mi nílé, ní àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwòsàn, kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Ó gun máṣíìnì dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúrà wọn ni, wọ́n ti wọlé lọ múra. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró, ó wojú ọ̀run. Ọyẹ́ là wà nínú rẹ̀, òjò ti lọ láti oṣù mélòó kan. "Màdáàmù, kí ló rọ̀ níbí?"

Omi ló wà lórí bátìrì. Ó wà lórí àpótí ike tí wọ́n to àwọn fíùsì sí, ó ń kán wọ inú rẹ̀. Rẹwáyà ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́. "Iyọ̀."

Ó gbé bátìrì kúrò. Abẹ́ rẹ̀ funfun, ó sì ṣe èépá. Ó fa wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, ó fi ọ̀bẹ la rọ́bà rẹ̀. Lóde, wáyà náà pé pérépéré. Nínú, ó ti di lúbúlúbú tó ní àwọ̀ ewé. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé: omi iyọ̀ á wọ ibi tí iná ń gbà, iná á ṣìnà; nígbà tó bá di ọ̀sán, oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnnì á ti fà á gbẹ, kò sí ẹni tó máa rí nǹkan kan mọ́. Gbogbo bátìrì àti ọ̀tánétọ̀ tí a ti ṣe, ẹ̀gbẹ́ àrùn la ti ń tọ́jú. Ó wá fi ẹ̀rín sí i: "Ta ló ń fi iyọ̀ se ẹ́ńjìnnì yín?"

Láti inú ilé, a gbọ́ Màámi tó ń kọrin bí wọ́n ti ń wé gèlè. Rẹwáyà gbọ́, ó wo garawa tó wà lẹ́bàá ògiri àti ike iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ó wo ojú mi. Ẹ̀rín náà kúrò. "Wàláì, Màdáàmù, mi ò rí nǹkan kan," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi gbígbóná fọ ibẹ̀ kó tó fi wáyà tuntun sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá Màámi ní ilé ìdáná, mo bi wọ́n bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí: "Màámi, omi wo lẹ máa ń wọ́n sínú ọkọ̀ yẹn?" Inú wọn dùn pé mo béèrè. Wọ́n ní obìnrin aládùúrà kan tó wá láti Gbọ̀ngán ló kọ́ àwọn: omi mímọ́, kí a fi iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí alùfáà ti ṣe lọ́jọ́sí, kí a wọ́n ọn sí ọkàn ọkọ̀ ní ìdájí ọjọ́ ìrìn àjò. Nígbà tí ọkọ̀ ò gbọ́, àwọn fi iyọ̀ kún iyọ̀. "Bí kì í bá ṣe omi yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé o rò pé ọkọ̀ yẹn ì bá jí rárá?"

Mo la ẹnu. Mo rí wọn níwájú ààrò, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń yí ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì kí ara rẹ̀ má baà bó. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ka gbogbo ọjọ́ tí a pa jẹ, wọ́n á so ó mọ́ ọwọ́ Bàbá, wọ́n á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Mo ní, "Màámi, rẹwáyà ní omi inú ẹ́ńjìnnì ti tó. Ó ku táyà. Ṣebí ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń rìn." Wọ́n rò ó díẹ̀. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ bàbá rẹ náà là ń tọrọ."

Láti ìgbà náà, táyà ni wọ́n ń wọ́n ọn sí. Ọkọ̀ ò kú mọ́ rí. Màámi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọ̀tá ti gba ibòmíì lọ, èmi náà jó dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú wọn. Ẹsẹ̀ Bàbá dá wọn lóhùn. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu géètì. Ọwọ́ ni kò ṣí. Ọ̀dọ́bìnrin Ifẹ̀ ní ká fi ọwọ́ sílẹ̀, ká gbájú mọ́ ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo jókòó pẹ̀lú Bàbá níwájú ilé, wọ́n ti múra tán. Màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà iwájú, wọ́n ń bu omi wọ́n ọn. Bàbá wò wọ́n títí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Táyà," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo gbé e lọ síbẹ̀."

Mo yíjú sí wọn. "Ẹ mọ̀?"

Wọ́n fi àgbọ̀n júwe fèrèsé pálọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣì ń fà lẹ́nu wọn. "Láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo rí ike iyọ̀."

Mo rántí ife mẹ́ta àti ìṣó mẹ́ta. "Ẹ mọ̀, Bàbá, ẹ sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí? Ẹ jẹ́ kí n máa wá ọ̀tá kiri àdúgbò? Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín..."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gbé e lé mi lórí itan. Ó wúwo, ìka rẹ̀ ká mọ́nú bíi ti ọmọ tuntun. "Ọwọ́ nìyí," ni wọ́n wí. Wọ́n wá wo ibi tí Màámi bẹ̀rẹ̀ sí. "Ìyá rẹ nìyẹn."

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀ fún ìyàwó wọn, wọ́n fi àárẹ̀ tèmi kún un, wọn ò bi mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ti dúró ní ilé ìdáná, mo la ẹnu, mo sì pa á dé.

Màámi ti dé ìdí táyà kẹrin. Wọ́n nàró, wọ́n fọwọ́ di ìbàdí, wọ́n gbóhùn sókè sí wa: "Ṣé ẹ ò lẹ́nu àmín níbẹ̀ yẹn ni?"

Bàbá ṣe àmín. Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí itan mi, èmi náà sì ṣe tèmi.